Téèpù Kì Í Ṣìnà

Màámi,

Ẹ kú àtijọ́. Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé ìwòsàn yìí. Èmi ni mò ń tọ́jú téèpù tí a ń ṣe ẹ̀dà fáìlì àwọn aláìsàn sí, nítorí ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá ya wèrè.

Ó ya wèrè lánàá. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọdé kan, àwòrán àyà rẹ̀ sì pòórá. Dókítà pariwo pé, "Ìgbà wo lẹ máa wo gbogbo téèpù yìí tán?" Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀rọ wa tó ń ka téèpù náà kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ atọ́ka tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, ó sáré yí téèpù débẹ̀ tààrà, ó sì ka ìyẹn nìkan. Kí dókítà tó bú mi tán, àwòrán ti dé. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà, ọmọ náà ti jí, ó ń béèrè oúnjẹ.

Ilé tí mò ń gbé ò jìnnà síbi iṣẹ́ rárá. Tí mo bá nawọ́ lórí ẹní, mo ti kan ẹ̀rọ. Ó tutù díẹ̀, torí ẹ̀rọ ò fẹ́ ooru, àmọ́ mi ò ní padà sẹ́yìn.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Tó bá fẹ́ kọ̀wé, ilé ìwòsàn ni kó kọ ọ́ sí. Ìgbàkígbà tí lẹ́tà náà bá dé, á bá mi níbẹ̀.