Báìtì Mẹ́ta Tí Ẹ Ní Ó Ṣófo

Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ lọ. A kò ti ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ̀rọ yín tó ń ka bí yàrá òtútù ṣe tutù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn mẹ́sàn-án. Ọmọ yín obìnrin ti ga jù mí lọ, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní èdè C tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ ní bí a bá ṣe to nǹkan sínú àkójọ ni yóò ṣe wà: lẹ́tà yàrá, báìtì kan, ìyẹn ààyè kékeré kan nínú ìrántí ẹ̀rọ, òǹkà òtútù, báìtì mẹ́rin, lẹ́tà ilẹ̀kùn, báìtì kan. Ṣùgbọ́n ipò tí a lè fi mẹ́rin pín láìṣẹ́kù ni òǹkà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kọ̀ǹpáílà, tó ń túmọ̀ ètò fún ẹ̀rọ, ń fi báìtì mẹ́ta sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó sì ń fi mẹ́ta mìíràn sí ìparí. Mẹ́fà di méjìlá. Mo ní kí ló wà nínú àlàfo yẹn. Ẹ ní, "Òfìfo ni jàre, má da ara ẹ láàmú." Mo gbà yín gbọ́.

Lóṣù tó kọjá, ibi ìpamọ́ ẹ̀rọ náà fẹ́ kún. Mo gbé òǹkà síwájú, mo to lẹ́tà méjèèjì tẹ̀ lé e, méjìlá di mẹ́jọ. Kí n tó kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ sínú tuntun, mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní báìtì kọ̀ọ̀kan. Àlàfo yín kò ṣófo. Nínú àwọn àkọsílẹ̀ kan, ẹ ti kọ ọjọ́, oṣù, ọdún sí báìtì mẹ́ta náà. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ìyàwó yín kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí ẹ kú sí. Wọ́n ní níbẹ̀ pé ọjọ́ tí ẹ wá rí dókítà ni gbogbo wọn, àkọ́kọ́ sì jẹ́ ọdún kan ṣáájú ikú yín.

Àwa tí a ń sọ fáyé pé àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ni! Ọdún kan gbáko lẹ fi mọ̀. Ẹ sọ fún ẹ̀rọ, ẹ ò sọ fún wa. Èmi tí mo jókòó tì yín lójoojúmọ́! Ẹ wá ń jẹ́ kí n máa pè yín ní ọ̀gá ọ̀lẹ nígbà tí ẹ bá sùn lórí tábìlì.

Lánàá, mo ka àwọn ọjọ́ náà sí Màmá wa létí. Wọ́n ń rántí ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: lọ́jọ́ kan, wọ́n ń fọ aṣọ, lọ́jọ́ mìíràn, ẹ wá jẹun lọ́dọ̀ wọn, ẹ rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo dé ìkẹjọ, wọ́n ní kí n dákẹ́.

Inú ń bí mi sí yín, ẹ̀gbọ́n mi. A fẹ́ràn yín, àárò yín ń sọ wá gidigidi. À bá tẹ̀ lé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà, ní ìgbà mọ́kọ̀ọ̀kànlá.