Ìlà Bọ̀tujẹ̀ Inú Igbó Ẹ̀yìn Ilé

Bàbá mi tí mi ò yé fẹ́ràn,

Ẹ dìde jókòó nínú sàréè yín, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Igbó tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ilé wa ní Ṣakí níbí, tí ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáko sí, torí pé ibẹ̀ ni ẹtu àti ọ̀yà ń gbà láti orí òkè lọ mumi lódò, nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ o. Patanmọ́ ti gba gbogbo etí odò. Èpò olódòdó yẹ́lò tí ẹ máa ń fọwọ́ fà tu láàárọ̀ ti ga jù mí lọ. Ìyẹn ò dùn mí, èpò ni, kì í tọrọ àyè. Bọ̀tujẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Èpò wo ló ń hù ní ìlà bí ọmọ iléèwé?

Ẹ sáà mọ̀ pé ẹni tó bá gbin bọ̀tujẹ̀ yí ilẹ̀ ká, ó ti ń sọ pé tòun ni. Mo bi àbúrò yín, Bàbá Sikírù. Ó ní ẹyẹ ló gbé e wá. Ẹyẹ! Ẹyẹ tó mọ okùn í ta! Kò sì wojú mi.

Ni mo bá yá ohùn yín lò. Nírọ̀lẹ́ àná, mo bá a tó ń fi búta bomi rin ín. Mo lúgọ sínú èpò, mo wúkọ́, mo fa imú bíi tiyín, mo wá fi orúkọ tí ẹ̀yin nìkan ń pè é pè é: “Làsísì, kí lò ń wá níbẹ̀?”

Búta já bọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun! Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n gbìn ín, kí àwọn tó ń ta ilẹ̀ má baà wọbẹ̀!”

Bàbá mi, ṣé lóòótọ́ ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Àbí ó ti mọ̀ pé èmi ni, ló fi sáré hun irọ́? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kò sẹ́ni tí mi ò lè sín jẹ, títí kan lèmọ́mù. Mi ò sì lè bi í, kí àṣírí mi má baà tú.

Láàárọ̀ yìí mo lọ wo ìlà náà. Láàárín rẹ̀, níbi tí ipasẹ̀ ẹtu wà, ẹnìkan fi àlàfo sílẹ̀, ó gba ẹran kan kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ máa ń ṣe sí ọgbà oko iṣu wa. Ta ló kọ́ ọ?

Mi ò tíì gbà á gbọ́ tán o. Mò ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí àlàfo yẹn bá dí, ẹ óò tún wúkọ́.

Èmi ni, odídẹrẹ́ yín, tí ohùn yín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.