Ẹ Má Gbin Ọkà Tí Mo Fi Ránṣẹ́

Parakou, oṣù kìíní, ọdún 1979

Ẹ̀gbọ́n mi Akínọlá,

Ohun tí mo rí nínú oko ilé-ìwé wa láàárọ̀ yìí nìyí: pòròpórò ọkà bàbà mọ́kànlélógójì tí kò ga ju orúnkún mi lọ, òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó ti gbẹ nídìí wọn, àti eruku dúdú tó ń dà jáde nínú òdòdó náà.

Mo kí yín, mo kí Màmá àti gbogbo ilé ní Kétu. Ibà tó ń ṣe Bọ́lánlé ọmọ mi ti lọ.

Ìyá Bàrìbá tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì kí n fa òdòdó yẹn. Mo ní ó lẹ́wà. Lónìí ó hú ọkà kan fún mi: gbòǹgbò òdòdó ti wọnú gbòǹgbò ọkà, ó ń mu ún.

"Olùkọ́, olè lo gbà lálejò!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní eruku yẹn ni irúgbìn rẹ̀, ó lè sùn nínú ilẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Bí gbòǹgbò ọkà bá sún mọ́ ọn, á gbóòórùn rẹ̀, á jí.

Ẹ̀gbọ́n, orí ilẹ̀ yẹn ni mo ti lu ọkà tí mo fi ránṣẹ́ pé kí ẹ gbìn sí ilẹ̀ Bàbá; eruku náà á ti dà mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sun ún tàpò-tàpò.

Mo ti jẹ́wọ́ àṣìṣe mi níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí àwọn ìjọba ń fi Faransé pè ní otokirítíìkì, kí ènìyàn fẹnu ara rẹ̀ bá ara rẹ̀ wí. Ìyẹn kò le tó lẹ́tà yìí, torí ẹ̀yin lẹ rán mi nílé-ìwé.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ilẹ̀ náà. Ẹ fèsì rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá.

Àbúrò yín,
Adépéjú

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dùbúlẹ̀.