Ẹ̀wà Náà Ti Di Èèwọ̀

Màámi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé ara gbogbo ilé le ní Ṣakí? Àpòmù dára, ara èmi náà le. Oyún ti di oṣù méje, síbẹ̀ mo ṣì ń wọ aṣọ ìgbéyàwó mi, kò fún mi rárá. Ẹ má dààmú.

Ọ̀rọ̀ kan ló kàn ń rú mi lójú. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa jẹ ẹyin. Ìyá ọkọ mi ní èèwọ̀ aboyún ni, ọmọ á jalè. Adìẹ wa ń yé o, ọjà Ìkirè ni wọ́n ń kó ẹyin lọ. Mo ṣa ìgbín bọ̀ láti oko, wọ́n ní ọmọ á máa da itọ́, wọ́n bá tà á. Èyí náà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀wà ilé tán, wọ́n ní ẹ̀wà náà ti di èèwọ̀. Mo bi Mubashir ọkọ mi, ó kàn gbé àdá, ó kọrí sóko.

Màámi, nígbà tí ẹ lóyún mi, ṣé ẹ jẹ ẹ̀wà? Ìyá ọkọ mi fúnra wọn kì í jẹ nǹkan wọ̀nyí mọ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò lóyún. Lọ́sàn-án àná, wọ́n bu ẹ̀bà tiwọn kún tèmi, wọ́n ní àwọn ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ ti kọjá tipẹ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ìyá ọkọ mi ń kí yín. Wọ́n ní kí n má gbàgbé láti sọ fún yín pé à ń jẹ àjẹyó.

Sàlámọ̀tù, ọmọ yín.