Ẹ̀bẹ̀ fún Ọjọ́ Mẹ́wàá Sí i, kí Ọkọ̀ Tó Ń Gbé Mi Lọ Fọ Ẹ̀jẹ̀ Lè Yege Àyẹ̀wò Èéfín

Yàrá 2C, Ojúlé 1718,
Òpópónà Andrews,
Morris Heights, Bronx,
New York.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tó Ń Rí sí Àyẹ̀wò Èéfín Ọkọ̀,
Ọ́fíìsì Agbègbè Bronx,
New York.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌDÚPẸ́ LÓRÍ OORE TÍ ÒṢÌṢẸ́ YÍN ṢE FÚN WA, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀFIKÚN ỌJỌ́ LÓRÍ BỌ́Ọ̀SÌ ALHAJI BÀṢÍRÙ MUHIDEEN

1. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Èmi ni Alhaja Sẹ̀kínátù Muhideen, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta nígbà kan rí, kí èmi àti baálé mi tó wá bá àwọn ọmọ wa ní ìlú yìí. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí Nicole, ọ̀dọ́bìnrin tó ń gba ìpè ní ọ́fíìsì yín, fi dá mi lójú pé ẹ ní ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀bẹ̀, èdè tí ìyá mi fi tọ́ mi ló yá mi lẹ́nu.

2. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dú. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá dúpẹ́ oore àná yóò rí òmíràn gbà, n kò sì ní tijú láti sọ pé òmíràn náà ni mo bá wá. Oore tí òṣìṣẹ́ yín, Arábìnrin Danielle, ṣe fún wa lóṣù tó kọjá tóbi ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe lè rò lọ. N óò sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo tún fi padà wá síwájú yín.

3. Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni bọ́ọ̀sì kékeré aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004. Alhaji Bàṣírù, baálé mi, ló ni ín. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú mi lẹ́sẹ̀, Alhaji ra ẹ̀rọ agbénisókè lára ọkọ̀ àlòkù kan ní Queens Village, ó sì dè é mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà, kí àga oníkẹ̀kẹ́ mi lè máa wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni ń gbé mi bí àpò ìrẹsì. Ó yọ ìjókòó méjì kúrò. Ó fi irin ìdìmú kan sí ibi tí ọwọ́ mi tó ṣì lágbára lè tó. Ọkọ̀ náà kò rẹwà, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n n kò rí èéfín dúdú kó ti sàlẹ́ńsà rẹ̀ jáde rí. Alhaji ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ju bó ṣe ń pààrọ̀ bàtà ara rẹ̀ lọ.

4. Ọkọ̀ yìí ló ń gbé mi lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nítorí kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Níbi tí mo ti ń fọ̀ ọ́, wákàtí ni wọ́n fi ń pín ẹ̀rọ fún wa. Ẹni tó bá pẹ́ dé, wọn kò lè fi kún àkókò tirẹ̀, torí ẹlòmíràn ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Omi tí ẹ̀rọ kò bá fà jáde lára mi, àyà mi ló ń lọ jókòó sí, n kò sì ní lè mí dáadáa títí di ìgbà tí ó bá tún kàn mí. N kò sọ èyí láti fi dẹ́rù bà yín. Bó ṣe rí ni mo ń sọ.

5. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí sítíkà àyẹ̀wò ojú ọkọ̀ náà fẹ́ kú, Alhaji gbé e lọ sí gáréèjì Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù, ọmọ Ìbàdàn kan tó gba ìwé àṣẹ láti máa ṣe àyẹ̀wò ọkọ̀. Bíréèkì dára, táyà dára, iná dára, kò sí ìkìlọ̀ kankan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, ẹ̀rọ náà kọ̀. Kò sọ pé èéfín ọkọ̀ náà burú. Ó ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà kò tí ì ní ẹ̀rí tó láti sọ bóyá ó burú tàbí ó dára. Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù ní kí Alhaji lọ máa wà á kiri fún bí ọjọ́ mélòó kan kó tó padà wá. Ó wà á, ó padà wá, èsì kan náà ni. Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù tú wáyà, ó yẹ sàlẹ́ńsà wò, ó tilẹ̀ fura sí ẹ̀rọ agbénisókè mi. Kò rí nǹkan kan. Kafilat, ọmọ wa obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Wakefield, wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó jọ̀wọ́ ta ọkọ̀ náà. Alhaji kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

6. Ìgbà kẹta tí a lọ ni Ọlọ́run mú Arábìnrin Danielle pàdé wa. Àbẹ̀wò tí ẹ máa ń ṣe sí àwọn gáréèjì ló bá wá, kì í ṣe tiwa. Mo jókòó nínú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ṣojú mi. Alhaji gbé ọkọ̀ dúró, ó pa iná, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ sípánà nọ́mbà mẹ́wàá lápò, ó sì yọ orí bátìrì kúrò kó tó kí ẹnikẹ́ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Lafenwa ló fi kọ́ ọ, pé awakọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbé ọkọ̀ kalẹ̀ kó fi orí bátìrì sílẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà náà lọ́hùn-ún, tí ẹ bá fi í sílẹ̀, iná rẹ̀ lè ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, tàbí kí olè gbé ọkọ̀ lọ pátápátá. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni yíyọ, òwúrọ̀ ni dídè, ní Abẹ́òkúta àti ní Morris Heights. Ojú èmi ti mọ́ ọn débi pé n kò rí i mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù náà kò rí nǹkan kan tó ṣàjèjì níbẹ̀, nítorí ilé kan náà la ti wá.

7. Arábìnrin Danielle dúró, ó ń wò ó. Ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù bá òun bi í bóyá ojoojúmọ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Alhaji gbé àyà sókè, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wakọ̀, òun kò gbàgbé rí. Ó rò pé wọ́n fẹ́ yin òun ni.

8. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Arábìnrin Danielle ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń ṣọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń rìn, ó ń kó ẹ̀rí jọ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àti pé ìgbàkígbà tí a bá yọ orí bátìrì, gbogbo ohun tí ó ti kó jọ á parẹ́. Ó dà bí ìgbà tí olùkọ́ ń nu síléètì ọmọ mọ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tó sì ń nà án láàárọ̀ pé kò kọ nǹkan kan. Mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Arábìnrin Danielle náà kò rẹ́rìn-ín, ohun tí mo sì ń torí rẹ̀ dúpẹ́ jù nìyẹn. Ó bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ìtọ́jú tí ó ń ṣe dára, pé àwọn ọkọ̀ ayé òde òní ni kò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́. Ó fi bí a ṣe lè gba àfikún ọjọ́ mẹ́wàá hàn wá, ọ́fíìsì yín sì fún wa lọ́jọ́ náà gan-an. Kò yọ òfin sílẹ̀ fún wa, kò sì fi òfin ni wá lára. Ẹ bá mi kí i, ẹ sì jọ̀wọ́ jẹ́ kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé ó gbẹ̀kọ́.

9. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Kafilat ń bá bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ náà lọ sí òpópónà márosẹ̀ kó lè sáré bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe fẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ku ẹ̀rí kan ṣoṣo kó pé. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ara mi gbóná, èémí mi sì ń fà. Alhaji gbé mi dé ọsibítù. Nígbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé, ó lọ gbé ọkọ̀ síbi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ̀rù ti bà á, ọkàn rẹ̀ kò sí lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ìgbà èwe. Ó yọ orí bátìrì. Ìgbà tí ó ti yọ ọ́ tán ló tó rántí.

10. Ó wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, kò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo rò pé dókítà ti sọ nǹkan burúkú fún un nípa mi. Ó yọ sípánà lápò, ó tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí mi, ó sì jókòó. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹ̀yin Ọ̀gá, àánú rẹ̀ ṣe mí ju àánú ara mi lọ. N kò tí ì jáde ní ọsibítù tí ọjọ́ mẹ́wàá náà fi pé, bọ́ọ̀sì náà sì wà níbi ìgbọ́kọ̀sí títí Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù fi rán ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ lọ gbé e wá sílé fún wa.

11. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà báyìí ni pé a kò lè wa ọkọ̀ náà láìsí àṣẹ yín, kò sì lè kó ẹ̀rí tirẹ̀ jọ tí a kò bá wà á. Alhaji kì í rú òfin. Ojoojúmọ́ ló ń nu ara ọkọ̀ náà níbi tó wà, kò sì wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ àjùmọ̀wọ̀ ni mo ń bá lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn awakọ̀ wọn níwà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbé. Lọ́sẹ̀ yìí, mo pẹ́ dé ìdí ẹ̀rọ, wọ́n sì ní láti dá ìfọ̀ mi dúró kó tó parí. Orí ìjókòó ni mo sùn mọ́jú, torí n kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ kí n mí. Alhaji jókòó tì mí, kò sùn.

12. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ wá kúrò nínú àyẹ̀wò. Ọmọ-ọmọ mi ní ikọ́ fée, afẹ́fẹ́ Bronx yìí náà ló sì ń mí sínú. Kí ẹ yẹ ọkọ̀ wa wò, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni ọjọ́ mẹ́wàá mìíràn, kí ó lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Tí ó bá kùnà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kò ní gbọ́ ohùn mi mọ́.

13. Mo tún ní ìmọ̀ràn kan, tí ẹ bá gbà mí láyè, nítorí olùkọ́ kì í fẹ̀yìn tì tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sára ìwé tí àwọn gáréèjì ń fún ènìyàn, ní Yorùbá àti ní àwọn èdè Áfíríkà mìíràn tí a ń sọ ládùúgbò yìí, pé kí awakọ̀ má ṣe yọ orí bátìrì kó tó wá ṣe àyẹ̀wò. Láti ìgbà tí Arábìnrin Danielle ti là wá lójú ni Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù ti ń bi àwọn oníbàárà rẹ̀ léèrè. Ó ní irú baálé mi pọ̀ nílùú yìí, pé àwọn awakọ̀ àtijọ́ tí ọkọ̀ wọn ń kùnà láìnídìí kò lóǹkà, sípánà kan náà ló sì wà lápò wọn.

14. Kafilat ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún yín lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ óò rí i pé nǹkan kan wúwo nínú àpò ìwé náà. Sípánà nọ́mbà mẹ́wàá Alhaji ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n fi ránṣẹ́ sí yín, nítorí níbi tí a ti wá, ẹni tó bá ṣe ìlérí a máa fi ohun tí kò ṣeé fi ṣeré dógò fún un. Ọ̀gá rẹ̀ ní Lafenwa ló fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ tó gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá náà sì ti kú. Kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sì tó nǹkan lọ́jà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ kan, kí ẹ sì fún un padà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá yege. Títí di ọjọ́ náà, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ní kí Kafilat tú gbogbo àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ síwájú mi lórí tábìlì, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: kò sí irin kankan mọ́ nílé wa tó lè yọ orí bátìrì yẹn.

Ẹ ṣeun fún oore àná, ẹ sì ṣeun fún sùúrù tí ẹ fi ka èyí dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́ àti pẹ̀lú ọpẹ́,

Alhaja Sẹ̀kínátù Muhideen,
Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì,
fún ara mi àti fún Alhaji Bàṣírù Muhideen, ẹni tó ni ọkọ̀ àti sípánà.