Tòmátò Tí Mo Fi Sínú Ẹ̀wà Ìyàwó Mi

Èmi ni mo fi tòmátò sínú ẹ̀wà ìyàwó mi, mo sì mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, mi ò wá àánú.

Atlanta níbí la ti ń gbé láti bí ogún ọdún. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, Conyers ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, a rò pé kòkòrò àrùn lásán ni, àmọ́ wọ́n ṣe àyẹ̀wò títí, wọn ò rí kòkòrò kankan. Yóò tọ̀, kò ní tíì jókòó tí yóò tún dìde... ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n lọ ata sí òun nínú. Ọdún méjì kọjá kí dókítà kan tó sọ pé àpò ìtọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, pé ìtọ́jú wà ṣùgbọ́n sùúrù ló gbà. Ó fún un ní oògùn. Ó ní kó máa kọ ohun tó bá jẹ àti bí ìrora ṣe tó sínú ìwé kékeré kan. Ó sì ka àwọn oúnjẹ tó lè ru ìrora náà sókè: ọsàn, kọfí, ata, tòmátò.

Tòmátò! Nínú ilé Yorùbá! Èmi ni mo máa ń dáná nílé wa nítorí iṣẹ́ wákàtí méjìlá tó ń ṣe, èmi ni mo wá ń se ìkòkò méjì lójoojúmọ́. Ó sú mi. A ò sì fọwọ́ kan ara wa mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ díákónì, tí mo sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tá a ti ń ra iṣu ní Duluth: “Ọ̀gá, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà yìí, o gbà pé tòmátò ló ń lé ẹ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ara ẹ?” Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi wọlé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, mo se ẹ̀wà. Epo pupa ni mo fi sè é, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Mo bu tòmátò inú agolo síbi mẹ́ta sí i, mo gbé e fún un. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìrora yìí. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo, ó ní, “Ẹ ṣeun, Daddy. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń rántí mi.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà nílẹ̀ balùwẹ̀, ó ká jọ bí ọmọ inú oyún.

Ṣé kò yẹ kó tó? Mo tún ṣe é lọ́sẹ̀ kejì, mo ní kó lè dá mi lójú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn... mi ò ní àlàyé. Mo ti wá a títí.

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀wà ló dá lẹ́bi. Ẹ̀wà tó fẹ́ràn ju ẹran lọ, kò fẹnu kàn án mọ́ títí ó fi kú. Dókítà wo ìwé náà, ó ní bí ìrora bá lè le tó báyìí láìjẹ ohun tó léèwọ̀, oògùn náà kò ràn án lọ́wọ́ nìyẹn. Ó dá a dúró. Wọ́n wá ń ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lójú ara lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti da oògùn mìíràn sínú àpò ìtọ̀ náà. Èmi ni mo ń wa mọ́tò gbé e lọ. Wọ́n ń yìn mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọkọ nìyí. Ìyàwó mi kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oògùn àkọ́kọ́: Kò ṣiṣẹ́.

Ó ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Ó ti pé ọdún kan ààbọ̀ báyìí tó ti kú. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe àpò ìtọ̀. Mi ò bá gbé e mì, kó bá mi wọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin wa tó ń gbé ní Lawrenceville ti bẹ̀rẹ̀ irú ìrora kan náà. Dókítà tirẹ̀ fẹ́ fún un ní oògùn yẹn gan-an. Ó kọ̀. Ìwé ìyá rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé bíi Bíbélì. “Daddy, no. It didn't work. Mummy kọ ọ́ síbí.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé ìyá rẹ̀ ló ṣèṣì kọ ọ́. Ẹ wò ó... mo fẹ́ di ẹ̀bi ru òkú.

Ọjọ́bọ̀ ni yóò padà lọ rí dókítà, pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Bí mo bá sọ òótọ́, mo pàdánù òun náà, òun nìkan ló sì kù fún mi. Bí mi ò bá sọ ọ́, ṣé kí n máa wò ó bí mo ṣe wo ìyá rẹ̀? Ọ̀nà wo ni bàbá ń gbà sọ irú èyí?

Ó ń bọ̀ lọ́la. Ó ní òun ò fọkàn tán oúnjẹ ẹlòmíràn mọ́, àfi èyí tí mo bá sè, torí pé èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú Mummy. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sọ fún un kó tó jẹun ni, àbí kí n jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán?