Búrẹ́dì Ẹlẹ́yin Àárọ̀ Sátidé

Yàrá ìránṣọ,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wù mí kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni nínú yín lórí ibùsùn àìsàn. Tí o bá béèrè èmi náà, ara mi le. Màmá ń sùn dáadáa, wọ́n sì ń rìn láti yàrá dé ilé ìdáná láìdi ògiri mú.

Fọ́ọ̀mù ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ò ń retí èsì. Mi ò bínú sí ọ o. Mo kàn tì í bọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì ń rán aṣọ àwọn oníbàárà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló jẹ́ kí n mú bírò.

Kí n tó sọ ọ́, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wà fún ọ, nítorí ohùn mi lórí fóònù máa ń tàn ọ́ jẹ. Nǹkan kan nínú mi ti kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé lórí títí. Mi ò sunkún, inú kò bí mi. Lọ́jọ́rú, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún mi níka, ẹ̀jẹ̀ tí mo rí lára aṣọ funfun ló sọ fún mi. Mo fi omi tútù àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò, mo bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí ẹni tó ni aṣọ dé, ó ń ṣẹ̀fẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín.

O mọ̀ pé Nọ́ọ̀sì ni Màmá ń pè mí báyìí. Orúkọ yẹn kọ́ ló le jù. "Ẹ" tí wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ ni. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ẹ má bínú, ẹ bá mi bu omi." Ìyá tó bí mi, tó fi ìgbálẹ̀ lé mi yí ilé ká, tó ń pè mí ní Ìyá Kékeré nítorí pé mo jọ ìyá tiwọn, ló ń bọ̀wọ̀ fún mi bí àlejò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní, "Màmá, èmi ni o." Wọ́n wò mí sùn-ùn, wọ́n ní, "Mo mọ̀, ẹ ṣeun." Mi ò tún sọ ọ́ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, wọ́n rí búrẹ́dì méjì lórí tábìlì. Ó ti le, torí pé mo máa ń rà á, mo sì máa ń gbàgbé láti jẹ ẹ́. Mo fẹ́ dà á nù. Màmá fi ìka kàn án kọ́kọ́kọ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ẹ dúró ńbẹ̀! Èyí tó le báyìí gan-an la fẹ́. Tuntun á kàn yọ́ dànù ni." Ìwọ náà rántí pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe olórí alásè ní òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, àti pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni búrẹ́dì tó ṣẹ́kù níbẹ̀ máa ń bá wọn wálé.

Ni wọ́n bá ká apá aṣọ wọn sókè. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀bẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya á. A fi bọ́tà pa inú páànù yíká, a to búrẹ́dì náà sí i. Ẹyin mẹ́jọ, wọ́n ń fọ́ ọ níkọ̀ọ̀kan sínú ife kí wọ́n tó dà á sínú abọ́, kí ẹyọ kan tó bàjẹ́ má baà ba ìyókù jẹ́. Mílíìkì ife méjì, ṣúgà, iyọ̀ bín-ín-tín, sínámọ́nì orí ṣíbí kékeré. Wọ́n pò ó títí kò fi sí okùn ẹyin kankan nínú rẹ̀. Orúkọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, iye ẹyin kò bọ́. Nígbà tó kan kí n dà á lé búrẹ́dì lórí, wọ́n ké mọ́ mi: "Nọ́ọ̀sì, díẹ̀díẹ̀! Ẹ̀ ń dà á bí ẹni tó ń fọ bálùwẹ̀." Wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ búrẹ́dì náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí tó fi mu gbogbo rẹ̀, a bò ó, a gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì.

Láàárọ̀ àná, Màmá ti jí kí n tó jí. Wọ́n wọ́n ṣúgà sójú rẹ̀, wọ́n há bọ́tà kéékèèké síbẹ̀, a gbé e sínú ààrò. Wọ́n gbé àga síwájú ààrò, wọ́n jókòó tì í ní wákàtí kan dín díẹ̀. Ó wú sókè, ojú rẹ̀ pọ́n, etí rẹ̀ ń ta pàrà. Wọ́n ki ọ̀bẹ bọ àárín rẹ̀, ọ̀bẹ jáde ní gbígbẹ, wọ́n mi orí. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ó wọ inú aṣọ àwọn oníbàárà tó wà lórí ìkọ́. Mo mọ̀ pé òórùn dídùn ni. Kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Wọ́n gé e sí mẹ́fà. Wọ́n gbé ọ̀kan síwájú mi, ọ̀kan síwájú ara wọn, wọ́n sì fi abọ́ kékeré dé èyí tó wà ní igun mọ́lẹ̀. O mọ̀ pé èmi ni mo máa ń jẹ igun. Ọwọ́ mi lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Màmá gbá a fẹ́ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ ìyẹn. Ọmọ mi ló ni ín. Aago mẹ́wàá ló máa dé."

Wọ́n lọ jókòó sídìí fèrèsé. Aago mẹ́wàá lù. Wọ́n ní bóyá ọkọ̀ ló pẹ́. Aago mẹ́wàá ààbọ̀, wọn ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ tiwọn. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, wọ́n ti ń fún etí aṣọ wọn mọ́ra, wọ́n ń bi mí ṣáá pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ mi báyìí?"

Àbúrò mi, mi ò ronú sí i rárá. Mo bọ́ téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, mo yọ abẹ́rẹ́ kúrò láyà aṣọ mi, mo wọ bàtà, mo gbé báàgì, mo sì gba ẹ̀yìn ilé jáde. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ń sá aṣọ. Ó ní, "Aránṣọ, ibo lẹ̀ ń lọ?" Mo ní, "Mò ń lọ sílé wa ni." Ó wò mí, ó wo ilé tí mo ti jáde, ó padà sídìí aṣọ rẹ̀. Mo yí ilé po, mo kan ilẹ̀kùn iwájú.

Màmá ló ṣí i. "Ìyá Kékeré! Ṣé ìgbà tí o máa dé nìyí? Oúnjẹ rẹ ti tutù pátápátá."

Wọ́n ní "o", àbúrò mi. Wọ́n ní "rẹ".

Wọ́n fà mí wọlé, wọ́n ṣí abọ́ náà, wọ́n jókòó tì mí kí n má baà ṣẹ́ ẹ kù. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, wọ́n rọ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Obìnrin kan wà níbí tó ń tọ́jú mi. Ó mọ́ tónítóní, kì í rojú sí mi. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí mo bá ń dúpẹ́, kì í dáhùn. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Ojú ẹ̀ ti wọnú. Sọ fún àwọn tó gbà á síṣẹ́ kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Àbí kò ní ìyá ni?"

Mo ní ó ní.

Wọ́n ní, "Ìyá ẹ̀ ò wá rí i ni?"

Mo jẹ igun náà tán, tòun ti èérún. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun, ẹ ṣé mà. Nígbà náà ni wọ́n tó jẹ tiwọn. Mo fọ abọ́, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga gígùn, mo sùn fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Mo ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì ni Màmá yóò máa wà nílé ìtọ́jú náà, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ mi lópin ọ̀sẹ̀. Tí àwọn ilé ìtọ́jú ò bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà. Ìwọ ni o máa wá mú Màmá lọ. Mo lè bá wọn di ẹrù, mi ò lè jẹ́ ẹni tí yóò fà wọ́n lé ẹlòmíì lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìwọ àti àwọn tìrẹ. Kí ẹ̀mí rẹ gùn, kí iyè rẹ sì bá ọ dé ọjọ́ ogbó. Kí àwọn ọmọ rẹ mọ̀ ọ́, kí ìwọ náà mọ̀ wọ́n.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin kan ṣoṣo,
Aránṣọ.

Àfikún: Bí mo ṣe ń lẹ àpòòwé yìí, Màmá béèrè bóyá o ti dé láti iléèwé. Mo ní o ti wà lójú ọ̀nà. Jọ̀ọ́, tètè máa bọ̀, kí n má baà di òpùrọ́.